Ìwòsàn sickle cell ti dé, àmọ́ ẹ má tíì ju ìwé genotype yín nù

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, àbúrò mi kan fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ọmọ àbúrò bàbá mi ni, ọmọ ọdún 26, Yábàá ló ti ń ṣiṣẹ́. Kò tíì kí mi tán tó fi bọ́ sórí ọ̀rọ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ ń kọ ìròyìn. Mo kà á pé wọ́n ti rí ìwòsàn sí sickle cell lókè òkun. Ṣé òótọ́ ni? Tó bá jẹ́ òótọ́, kí ló wá dé tí Mọ́mì ṣì ń sọ pé àwa méjèèjì ò lè fẹ́ra?"

AS ni àbúrò mi. AS náà ni ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́.

Mi ò lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ìdí ni pé SS ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Nígbà tí mo wà ní poli, ilé wọn ni mo ń gbé, èmi ni mo sì máa ń jí lóru láti fi aṣọ ìnura gbígbóná tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ tí crisis bá mú un. Tó bá ké títí tó rẹ̀ ẹ́, á kàn dákẹ́, á máa wo àjà. Ọmọ ọdún 19 ni nígbà tó kú. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni àbúrò rẹ̀ nígbà yẹn. Kì í ṣe pé ọmọ yìí ò mọ ohun tó ń bi mí. Ọ̀nà ló ń wá.

Ohun tí mo padà sọ fún un nìyí. Mo gbé e síbí nítorí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń bèèrè.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀?

Nínú sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ wa ni haemoglobin wà. Òun ló ń gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn káàkiri ara. Haemoglobin ẹni tó jẹ́ SS ní àbùkù kékeré kan tó jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá. Tó bá ti gbé ọ́síjìn sílẹ̀ tán, á máa so pọ̀ mọ́ra, á le, sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó rí róbótó á wá tẹ̀ bíi dòjé. Tí irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ bá dé inú iṣan tó tín-ín-rín, á há síbẹ̀, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn á tò jọ, ẹ̀jẹ̀ ò ní rí ọ̀nà kọjá mọ́. Ìrora tó ń tibẹ̀ wá là ń pè ní crisis. Àwọn baba wa ò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀, síbẹ̀ wọ́n pè é ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹni tó bá ti tọ́jú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé orúkọ yẹn ò ṣì.

Nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Ọmọ SS kì í sábàá ní crisis láwọn oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ láyé. Ìdí ni pé nínú ìyá, oríṣi haemoglobin mìíràn ni gbogbo ọmọ ń lò, ẹ jẹ́ ká pè é ní haemoglobin ọmọ inú. Ìyẹn kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì tẹ̀. Lẹ́yìn ìbí, ara á pa á tì díẹ̀díẹ̀, á bọ́ sórí ti àgbà. Láti ọdún 1948 ni dókítà kan ní New York, Janet Watson, ti ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ yìí. Ìbéèrè tó wá kù ni pé, ṣé a lè mú kí ara padà sí ti ọmọ inú?

Kí ni wọ́n wá ṣe?

Jíìnì kan wà tí wọ́n ń pè ní BCL11A. Òun ló ń pa iná haemoglobin ọmọ inú lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bí wa. Casgevy, ìtọ́jú tuntun yìí, ń lo CRISPR, ohun èlò tó lè gé jíìnì gan-an níbi tí a bá ní kó gé. Iṣẹ́ lórí CRISPR yìí ló mú kí Jennifer Doudna àti Emmanuelle Charpentier gba ẹ̀bùn Nobel ní 2020.

Wọ́n á fa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bí ẹ̀jẹ̀ jáde lára aláìsàn, wọ́n á ti àṣẹ BCL11A pa nínú wọn, wọ́n á wá dá wọn padà sára. Nígbà tí kò bá sí ẹni tó ń pa iná mọ́, haemoglobin ọmọ inú á padà wá.

Victoria Gray, obìnrin kan láti Mississippi, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á ní Amẹ́ríkà, ní 2019. Nínú ìwádìí tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé yẹ̀ wò, èèyàn 31 ni wọ́n ti tọ́pa wọn pẹ́ tó láti ṣèdájọ́. Nínú wọn, 29 ló lo oṣù 12 gbáko, ó kéré tán, láìní crisis líle kankan. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí i ní oṣù Kọkànlá 2023, Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e ní oṣù Kejìlá.

Nítorí náà, òótọ́ ni àbúrò mi kà.

Àmọ́ ẹ dúró ná

Àkọ́kọ́, owó. Mílíọ̀nù méjì lé ní igba ẹgbẹ̀rún dọ́là ni wọ́n ń tà á fún ẹnì kan ní Amẹ́ríkà. Ní England, láti oṣù Kìíní 2025 ni wọ́n ti fọwọ́ sí i pé kí NHS máa san owó rẹ̀ fún àwọn kan tí àìsàn náà le lára wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀, ẹ bi dókítà yín.

Ìkejì, kì í ṣe abẹ́rẹ́ tí èèyàn ń gbà kó sì máa lọ sílé. Kí wọ́n tó dá sẹ́ẹ̀lì padà, wọ́n á kọ́kọ́ fi oògùn líle, irú èyí tí wọ́n ń fún oníjẹjẹrẹ, fọ mùdùnmúdùn eegun mọ́. Irun lè re, àrùn lè tètè wọlé, ó sì lè ṣàkóbá fún ọmọ bíbí. Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ni èèyàn máa lò ní ọsíbítù. Nígbà tí wọ́n sì fọwọ́ sí i, ọmọ ọdún 12 sókè ni wọ́n fọwọ́ sí i fún. Ìyẹn ni pé ọmọ náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ la àwọn ọdún tó léwu jù já.

Ìkẹta ló ya àbúrò mi lẹ́nu. Ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ìtọ́jú yìí ń tún ṣe. Kò kan ẹyin obìnrin tàbí àtọ̀ ọkùnrin. Ẹni tó jẹ́ SS tó gbà á, tí ara rẹ̀ sì yá, á ṣì fún gbogbo ọmọ tó bá bí ní S kan.

Oògùn tí kò pariwo

Oògùn kan wà tó ń jẹ́ hydroxyurea. Kápúsù ni, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé e mì. Ní 1995, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dín crisis àwọn àgbàlagbà kù dé ìdajì. Ọ̀kan lára ọ̀nà tó ń gbà ṣe é? Ó ń mú kí haemoglobin ọmọ inú pọ̀ sí i. Ẹnu ọ̀nà kan náà tí Casgevy gbà wọlé ni.

Àwọn kan ní bóyá kò ní bá ilẹ̀ tí ibà pọ̀ sí mu. Ní 2019, èsì ìwádìí kan jáde lórí ọmọ 606 ní Angola, Congo, Kenya àti Uganda. Crisis dín kù, gbígba ẹ̀jẹ̀ dín kù, ibà pàápàá dín kù, ikú náà dín kù. Nílé wa níbí, ní Kano àti Kaduna, wọ́n lò ó fún àwọn ọmọ tí rọpárọsẹ̀ fẹ́ kọ lù. Èsì tó jáde ní 2022 kò rí ìyàtọ̀ láàárín ìwọ̀n kékeré àti èyí tó jù ú lọ nínú dídènà rọpárọsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má lọ dá a rà ní kẹ́míìsì o. Dókítà gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, torí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dín kù.

Ohun tó ń dùn mí nìyí. Ní ọsíbítù tí a máa ń gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó dárúkọ oògùn yìí fún wa rí. Ó sì ti wà nílé ayé ní gbogbo òru tí mo fi ń gbé aṣọ ìnura kiri.

Èsì mi

Mo sọ fún àbúrò mi pé mi ò ní bá a yan ọkọ. Mo kàn ní kó má fi Casgevy sínú ìṣirò rẹ̀. AS méjì tó bá fẹ́ra, oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS. Kì í ṣe pé tí wọ́n bá bí mẹ́rin, ọ̀kan péré ni. Gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè jẹ́ SS, ó sì lè má sí ẹyọ kan. Mo ní kí àwọn méjèèjì tún àyẹ̀wò náà ṣe níbòmíràn, torí àṣìṣe máa ń wà, kí wọ́n sì jọ jókòó níwájú dókítà tó mọ̀ nípa rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó kọ̀wé sí mi: "Bọ̀ọ̀dá, a ti tún un ṣe. AS náà ni." Wọn ò tíì sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún mi. Mi ò sì tíì bi wọ́n.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní SS nílé ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá tún lọ rí dókítà, ẹ dárúkọ hydroxyurea fún un. Ẹ má dúró dìgbà tí òun máa dárúkọ rẹ̀.