Ẹsẹ̀ Tí Ń Jóni Bí Iná



Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni ìyá kan mú ọkọ rẹ̀ wá sí ibi ìtọ́jú wa ní Agége. Iléeṣẹ́ kan ní Ìkẹjà ni ọkùnrin náà ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní àtẹ́lẹsẹ̀ òun méjèèjì ń jó òun bí ẹni tó tẹ ẹyin iná, pé bí òun bá sì jáde lóru, òun a máa ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n bí ọ̀mùtí, bẹ́ẹ̀ òun kì í fẹnu kan ọtí. Ìyàwó rẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Màmá nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní ó tẹ oògùn níbi iṣẹ́ ni." Odindi oṣù mẹ́ta ni ó ti ń ki ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ bọ àgbo gbígbóná. Mo bọ́ bàtà ọkùnrin náà: omi ti bó o lẹ́sẹ̀, kò sì mọ̀.

Ẹsẹ̀ tí ń jóni, tí kò sì mọ iná! Ó ya ìyá náà lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí wọ́n ti kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì.

Iṣan ìmọ̀lára kì í ṣe iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Òun ni ó ń gbé ìròyìn láti ara lọ sí ọpọlọ, tí ó sì ń gbé àṣẹ ọpọlọ padà wá. Ó dà bí wáyà iná tí a fi rọ́bà bò. Ọ̀rá ni rọ́bà tirẹ̀. Èyí tó lọ sí ọmọ ìka ẹsẹ̀ gùn tó mítà 1, bẹ́ẹ̀ ara sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni, tí ojú lásán kò lè rí, tí ilé rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀pá ẹ̀yìn nísàlẹ̀. Láti ibẹ̀ ni oúnjẹ okùn náà ti ń lọ. Ẹ̀yin tí ilé yín wà ní òpin páìpù omi mọ̀ ọ́n: bí omi kò bá lágbára, ilé ìkẹyìn ló kọ́kọ́ ń gbẹ. Ìdí nìyí tí àìsàn iṣan fi ń bẹ̀rẹ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀, ní méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Wáyà tó bàjẹ́ a máa kígbe "Iná! Iná!" nígbà tí iná kò sí, iná gidi dé, kò sọ nǹkan kan.

Títa gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n ńkọ́? Ọpọlọ kékeré kan wà nípàkọ́ wa tí ń mú wa dúró ṣánṣán. Ojú, inú etí àti ẹsẹ̀ ni ó ń gba ìròyìn lọ́wọ́ wọn. Bí ẹsẹ̀ bá yadi, ojú a ràn án lọ́wọ́; bí ilẹ̀ bá ṣú, ó parí.

Ní nǹkan bí ọdún 1960 sí 1969, irú aláìsàn báyìí pọ̀ ní agbègbè Ẹ̀pẹ́. Ẹsẹ̀ wọn ń jó, wọ́n ń ta gẹ́gẹ́ bí mo ti wí, ojú wọn ń ṣe bàìbàì, etí wọn ń di. Dókítà B. O. Ọ̀ṣúntòkun, ọmọ Òkè-Mẹ̀sí, tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní UCH Ìbàdàn, wádìí wọn, ó sì tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní ọdún 1968. Ó tọ́ka sí májèlé sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́, nítorí pé ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń jẹ ṣáá, tí ẹja àti ẹran kò sì tó nǹkan. Àwọn onímọ̀ mìíràn ti bá a jiyàn lórí èyí. Ṣùgbọ́n gààrí tí a kò jẹ́ kí ó kan dáadáa kí a tó yan án kò dára. Ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà sì ń ran ara lọ́wọ́ láti pa májèlé náà. (Èmi náà fẹ́ràn gààrí tútù, n kò ní purọ́ fún yín.)

Gààrí láàárọ̀, ẹ̀bà lálẹ́ ni oúnjẹ ọkùnrin yìí, nítorí náà mo ti ń bá a wí. Àṣé mo yára jù. Nígbà tí a gún un níka, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ga kọjá ààlà. Àtọ̀gbẹ ni! Òun ni ó ń ba iṣan ẹsẹ̀ jẹ́ jù lọ láàárín ìlú lónìí, a kò sì lè fi ojú mọ̀ ọ́n. Bí ẹsẹ̀ yín bá ń jó yín, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò kí iṣan tó kú, ẹ má ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná, ẹ sì máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ yín lálaalẹ́.

A fi ìwé rán an lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó sì ti ń lo oògùn. Egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì jiná. Ìyàwó rẹ̀ ni ó ń mú un wá fún wa láti wẹ̀ ẹ́, omi tútù ni ó sì ń gbé wá báyìí nínú ìgò, láti mu.