Oògùn Olóró, Fàyàwọ́ àti Bárakú: Àyẹ̀wò Èdè-Ìperí Mẹ́ta ní Ìpínlẹ̀ Èkó

1. Ìfáàrà

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń rí sí ètò ìṣirò àti àjọ UNODC ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé àbájáde ìwádìí jáde lórí lílo oògùn olóró ní Nàìjíríà. Bí a bá yọ ọtí àti tábà kúrò, nǹkan bí mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn, láti ẹni ọdún 15 títí dé ẹni ọdún 64, ni ó lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún kan ṣáájú ìwádìí náà. Ìpínlẹ̀ Èkó ni iye rẹ̀ pọ̀ jù: ènìyàn 33 nínú 100. Ọ̀ràn tí ó tóbi tó báyìí ń fẹ́ ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ dá ṣáká, nítorí pé orúkọ tí ẹbí bá fún ohun tí ó ń ṣe ọmọ wọn ni ó ń pinnu ibi tí wọn yóò gbé e lọ: àgọ́ ọlọ́pàá, ibi tí wọn yóò ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é, tàbí ilé ìwòsàn.

2. Oògùn àti Oró

Ọ̀rọ̀ náà 'oògùn' gbòòrò. Àgbo ibà, hóró tí dókítà kọ fún aláìsàn, àti oǹdè tí ọdẹ so mọ́ra, oògùn ni gbogbo wọn. Nígbà tí wọ́n bá fi 'olóró' kún un, ó ń jọ bí ẹni pé inú oògùn gan-an ni oró wà. Kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Oògùn ìrora ni mọ́fíìnì, kódéènì àti tramadol jẹ́ ní ilé ìwòsàn. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018 ni Ilé-iṣẹ́ Ètò Ìlera ìjọba àpapọ̀ kéde òfin tí ó de oògùn ikọ́ olómi tí kódéènì wà nínú rẹ̀. Hóró tramadol tí òfin fi àyè gbà ní Nàìjíríà kò ju mílígírámù 100 lọ, ṣùgbọ́n èyí tí ó tó 225 ń dé ọwọ́ àwọn ènìyàn ní bòńkẹ́lẹ́. Ẹni tí ó bá lò ó jù, gìrì lè mú un, mímí rẹ̀ sì lè lọ sílẹ̀ títí yóò fi dákẹ́.

Ó hàn pé ìwọ̀n, ọ̀nà àti ìdí ìlò lè sọ oògùn ìwòsàn di olóró. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí 'àṣìlò' àti 'ìlòkulò' dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àṣìlò ni ti aláìsàn tí ó gbé hóró méjì mì dípò ẹyọ kan nítorí pé àlàyé kò yé e. Ìlòkulò ni ti awakọ̀ tí ó ń gbé tramadol mì kí àárẹ̀ má baà mú un lójú ọ̀nà. Àlàyé tó fún ẹni ìṣáájú. Kò tó fún èkejì.

3. Fàyàwọ́

Ẹni tí ó ń fi àyà wọ́lẹ̀ kọjá kí aṣọ́bodè má baà rí i ni ọ̀rọ̀ yìí yàwòrán rẹ̀. Ó bá ọjà tí kò ní ẹ̀ṣẹ̀ mu: owó ibodè ni ẹlẹ́rù kò fẹ́ san. Kò bá kókéènì mu, nítorí ọjà fúnra rẹ̀ ni òfin dè. 'Òwò oògùn olóró' ni ó tọ́ sí èyí. Pápá ọkọ̀ òfuurufú Ìkẹjà, èbúté Àpápá àti ibodè Sẹ̀mẹ̀ wà lára ẹnu ọ̀nà tí òwò náà ń gbà ní Èkó. Òfin 48 ti ọdún 1989, tí ó dá àjọ NDLEA sílẹ̀, fi ẹ̀wọ̀n gbére lé e lórí. Oníṣòwò yìí àti ẹni tí oògùn ti sọ di ẹrú kì í ṣe ọ̀kan náà. Orúkọ kan kò sì gbọdọ̀ kó wọn pọ̀.

4. Bárakú

'Bá', 'ara' àti 'kú' ni ó para pọ̀ di bárakú: ohun tí kò ní fi ara sílẹ̀ títí di ọjọ́ ikú. Bárakú oògùn ní àmì mẹ́ta pàtàkì. Èkínní, ara ti mọ́ ọn. Ìwọ̀n àná kò tó lónìí mọ́. Èkejì ni ohun tí ó ṣeé pè ní 'ìnira àìrílò'. Bí ẹni tí heroin ti mọ́ lára kò bá rí i lò, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, imú rẹ̀ yóò máa ṣomi, eegun yóò máa ro ó, ìgbẹ́ gbuuru yóò mú un, kò sì ní í rí oorun sùn. Ẹ̀kẹta, ó mọ̀ pé oògùn náà ń ba òun jẹ́, ó fẹ́ fi í sílẹ̀, ọkàn rẹ̀ ṣì ń fà á padà. Ìyípadà inú ọpọlọ ni èyí; ìbáwí nìkan kò lè wò ó.

Ìtọ́jú ń lọ ní ìpele-ìpele. Mímú oró kúrò lára ni ó ṣáájú, lábẹ́ ojú àwọn elétò ìlera, nítorí àwọn nǹkan kan wà, ọtí líle pàápàá, tí jíjáwọ́ nínú wọn lójijì lè fa gìrì tí ó lè pani. Ìgbaninímọ̀ràn ni ó tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà iṣẹ́ ọwọ́ àti àbẹ̀wò lóòrèkóòrè. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Yábàá ní Èkó àti ti Arò ní Abẹ́òkúta ń ṣe irú ìtọ́jú yìí. Ní Arò, láti ọdún 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò mú kí àwọn aláìsàn ọpọlọ máa gbé pẹ̀lú ìbátan wọn ní abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ẹbí jẹ́ apá kan nínú ìtọ́jú.

5. Ìkádìí

Ẹ̀rù lè ba ẹlòmíràn pé 'bárakú' ń sọ fún ènìyàn pé kò sí ọ̀nà àbáyọ. Ṣùgbọ́n àwọn Yorùbá ti ń pe ẹ̀jẹ̀ ríru àti ikọ́ fée ní àìsàn bárakú, kò sì sí ẹni tí ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de onítọ̀hún. Bí ẹ̀jẹ̀ bá tún ru sókè lẹ́yìn tí ó ti wálẹ̀, ilé ìwòsàn ni wọ́n ń padà sí. Bákan náà ni ìfàsẹ́yìn rí nínú bárakú oògùn: ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀, kò sì sọ pé ìtọ́jú àkọ́kọ́ já sí asán. Abẹ́ 'àìsàn bárakú' ni kí èdè-ìperí náà dúró sí. Ìyá tí ó bá gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ yóò mọ̀ pé bí ọmọ òun bá tún ṣubú, ọ̀nà ilé ìwòsàn kò tíì dí.