Ọkọ̀ Tí Ń Kú Bí A Bá Tan Éè-sí

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ni ẹ ti bá irú ìdààmú yìí pàdé. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ a máa lọ geere, láìkọsẹ̀ rárá; ṣùgbọ́n bí a bá ti tan ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tútù rẹ̀, èyí tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí éè-sí, ara rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, bí a bá sì dúró lójú kan, a kú fin-ín. Ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọkọ̀ tí a ti tún ṣe, tí ẹ́ńjìnnì inú wọn kì í ṣe èyí tí a dá mọ́ wọn. Àwa náà ní ọ̀kan nínú irú wọn, owó àti ẹ̀rù tí ó sì ná wa kò kéré.

Peugeot 504 ni ọkọ̀ náà. Kò sí ilé olùkọ́ tàbí akọ̀wé àtijọ́ tí kò mọ irú rẹ̀, nítorí láti ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ tí ó wà ní Kàdúná ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot jọ. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì oníkábúrétọ̀ inú tiwa gbó, mẹkáníìkì kan bá wa fi ẹ́ńjìnnì Toyota tí ó ń lo ìnjẹ́kítọ̀ àti kọ̀ǹpútà rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 2019. Ó ṣe iṣẹ́ náà dáradára. Ní ọdún kejì, a ní kí ẹlòmíràn bá wa fi éè-sí sí i, nítorí ìyá wa tí ó ti darúgbó, tí kò lè fara da ooru mọ́.

Ní oṣù Mẹ́ta ọdún 2021, a ń gbé ìyá wa láti Ọ̀yọ́ lọ sí Ìbàdàn kí wọ́n lè yẹ ojú rẹ̀ wò. Nígbà tí a dé Òjóò, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá wa dúró, ọkọ̀ náà sì kú lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ó burú jù. A wà lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọkọ̀ akẹ́rù kan sì ń bẹ níwájú wa gan-an. A tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan, ó mú. A jọ̀wọ́ rẹ̀, a tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta, ó le gan-an bí òkúta. Ọ̀nà tí ó kù láàrin wa àti akẹ́rù náà kò ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ kí ọkọ̀ tó dúró. Ìyá wa kò sọ̀rọ̀. Ó kàn di ilẹ̀kùn mú ni.

Ó yẹ kí gbogbo awakọ̀ mọ ìdí èyí. Ẹ́ńjìnnì tí ń ṣiṣẹ́ ni ó ń ran ẹsẹ̀ wa lọ́wọ́ láti tẹ bíréèkì. Bí ó bá kú, ìrànlọ́wọ́ tí ó ṣẹ́kù kò ju ti ìtẹ̀ kan tàbí méjì lọ. Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá kú lórí ìrìn, kí a tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí a tẹ̀ ẹ́ gidigidi láìjọ̀wọ́ rẹ̀, kí a sì fa bíréèkì ọwọ́.

Oníṣẹ́ mẹ́ta ni ó fọwọ́ kan ọkọ̀ náà lẹ́yìn èyí. Ẹni àkọ́kọ́ ní kí a ra púlọ́ọ̀gì àti ẹ̀rọ tí ń fa epo. A rà wọ́n, kò sì yí ohunkóhun padà. Ẹnìkejì gbé síló sókè, èyíinì ni ìwọ̀n tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí nígbà tí ọkọ̀ dúró lójú kan. Ọkọ̀ kò kú bí ti àtẹ̀yìnwá mọ́, ṣùgbọ́n ó ń pariwo tọ̀sán tòru, ó sì ń mu epo bí ẹni tí ó ti aginjù dé. Ẹnìkẹta ní gáàsì éè-sí ti lọ sílẹ̀, ó sì rọ òmíràn lé e. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀ràn ti burú sí i.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n júwe bàbá kan fún wa, rewáyà ni iṣẹ́ rẹ̀. Kò ṣí ìbòrí ẹ́ńjìnnì. Ó jókòó, ó sì wí pé, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Ṣé bí ẹ bá ti tan éè-sí ni ó ń kú lójú ẹsẹ̀, tàbí ó máa ń pẹ́ díẹ̀?" A rò ó, a sì dáhùn pé méjèèjì ni ó ń ṣe. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "A jẹ́ pé àrùn méjì ni."

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé bí ó ti yé wa. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ni ọkàn éè-sí, bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ni ó sì ń yí i. Agbára tí ó ń gbà tó ti ẹṣin mélòó kan. Nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, ẹ́ńjìnnì kò ka èyí sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dúró, tí kò yí ju ìgbà 700 tàbí 800 lọ ní ìṣẹ́jú kan, agbára tí ó ní kò ju èyí tí yóò gbé ara rẹ̀ lọ. Bí a bá wá gbé ẹrù kà á lórí láìsọ fún un, bí ẹni tí a gbé agbọ̀n iṣu lé lórí lójijì ni. Nínú ọkọ̀ Packard ti Amẹ́ríkà, ti ọdún 1940, tí ó wà lára àwọn tí a kọ́kọ́ tà pẹ̀lú éè-sí, kò tilẹ̀ sí ohun tí ó lè já kọ̀mpúrẹ́sọ̀ kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Ẹni tí kò bá fẹ́ òtútù mọ́ ní láti pa ọkọ̀, kí ó sì fi ọwọ́ yọ bẹ́líìtì rẹ̀.

Nínú àwọn ọkọ̀ oníkọ̀ǹpútà, a kì í fi wáyà tààrà láti ibi ìtanná dé kọ̀mpúrẹ́sọ̀. Kọ̀ǹpútà ni a kọ́kọ́ ń ta lólobó. Yóò ṣí ọ̀nà afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì díẹ̀ kí agbára lè gòkè, lẹ́yìn èyí ni kọ̀mpúrẹ́sọ̀ yóò tó mú. Nígbà tí bàbá náà tú ìsàlẹ̀ dáṣíbọ́ọ̀dù wa, ó bá wáyà tí ó yẹ kí ó jíṣẹ́ yìí níbi tí a ti fi téèpù dì í, tí ó rọ̀ dirodiro. Ẹni tí ó fi éè-sí sí ọkọ̀ wa ti gbé iná lọ sí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tààrà. Ẹ́ńjìnnì wa kò ṣàìlágbára. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé ẹrù ń bọ̀ ni. Bàbá náà wo àwòrán wáyà ẹ́ńjìnnì náà kí ó tó so ó pọ̀, ó sì kìlọ̀ fún wa pé wáyà yìí kò rí bákan náà nínú gbogbo ọkọ̀: òmíràn ń fẹ́ iná, òmíràn ń fẹ́ ilẹ̀, ẹni tí ó bá sì ṣì í so lè ba kọ̀ǹpútà jẹ́. Ó tún fọ ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ náà, tí èéfín ti dú bí ìdí ìkòkò, ó sì dá síló padà sí ipò rẹ̀.

Àrùn kejì, ooru ni. Ẹ̀rọ tí ń tu gáàsì lára wà níwájú rádíétọ̀, ṣùgbọ́n kò ní fáànù tirẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń lọ, atẹ́gùn ń fẹ́ sí i. Bí ó bá dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, gáàsì a gbóná, a le, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ yóò sì di ẹrù tí ń wúwo sí i títí yóò fi pa ẹ́ńjìnnì. Gáàsì tí a rọ lé e ni ó wá bu epo sí iná. Nígbà tí a so òṣùwọ̀n mọ́ ọn, ó lé ní 350, bẹ́ẹ̀ ni irú gáàsì tiwa kò yẹ kí ó ju nǹkan bí 250 lọ nínú ooru ilẹ̀ wa. A tú gáàsì náà kúrò, a wọn òmíràn sí i, a sì so fáànù kan tí yóò máa ṣiṣẹ́ nígbàkígbà tí éè-sí bá wà ní títàn.

Owó iṣẹ́ bàbá náà, àti ti fáànù, kò tó ìdajì ohun tí a ti ná ṣáájú. Púlọ́ọ̀gì tí a yọ sì wà nínú dúrọ́ọ̀ wa títí di òní. Kò sí ohun tí ó ṣe wọ́n.

Nígbà tí a tún gbé ìyá wa lọ fún ojú rẹ̀, a dúró ní Òjóò fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Ní gbogbo ìgbà tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ bá mú, ẹ́ńjìnnì a gbé ohùn sókè díẹ̀, a sì tún rọ̀. Nígbà tí ó yá, ìyá wa fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra, ó ní, "Ọmọ mi, jọ̀wọ́, pa nǹkan yìí. Òtútù ń mú mi."