Màmá Ni Mo Sìn Lọ, Ẹ̀jẹ̀ Tèmi Ló Ń Ru

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo sin màmá mi lọ sí ilé ìtajà oògùn kan ní Bódìjà, níbi tí kò jìnnà sí ọjà. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ó ń lò ti tán láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni ó ń sọ pé ara òun le, orí kò fọ́ òun, kí ni òun tún fẹ́ fi oògùn ṣe. Apòògùn tí a bá níbẹ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí kò lè tíì pé ọgbọ̀n ọdún, kúnlẹ̀ kí i tán, ó ní, "Mà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wọn ìfúnpá yín ná." Ó fi ọ̀já ẹ̀rọ náà wé apá màmá. Ẹ̀rọ ń kùn, ọ̀já ń fún, nọ́ńbà sì jáde: 152 lórí 94. Màmá mi mí kanlẹ̀. Apòògùn yíjú sí mi. "Ẹ̀yin náà ńkọ́, àǹtí? A kì í gba owó rẹ̀."

Ẹ̀rín ni mo fi dá a lóhùn. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mí, n kò sanra, n kò sì mu sìgá rí. Síbẹ̀, mo na apá mi sí i. 148 lórí 96. Ó ní kí n jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ó tún un wọ̀n: 146 lórí 96. Màmá mi gbàgbé tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀. "Ọmọ mi," ni ó wí, "ìwọ náà?"

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé délé, òun náà ló sì bí àpilẹ̀kọ yìí. Nígbà tí a bá gbọ́ pé ìtọ́jú àrùn ọkàn ti tẹ̀ síwájú, ohun tó máa ń wá sí wa lọ́kàn ni ẹ̀rọ olówó gọbọi àti iṣẹ́ abẹ òkè òkun. Àwọn wọ̀nyẹn wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó kan èmi, màmá mi àti ẹ̀yin òǹkàwé jù lọ kò ju ohun méjì lọ: ọ̀já tí a ń wé mọ́ apá, àti hóró oògùn kan lóòjọ́. Apá tó jọjú nínú ìwádìí tó sọ ohun méjèèjì yìí di pàtàkì fún wa, ilẹ̀ wa níbí ló ti wáyé.

Kí ni nọ́ńbà méjì náà ń wí?

Ọkàn dà bí ẹ̀rọ tó ń fa omi láti inú kànga lọ sínú táǹkì. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ni páìpù rẹ̀. Nọ́ńbà òkè ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan nígbà tí ọkàn bá fún un jáde. Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ni agbára tó ṣẹ́ kù nígbà tí ọkàn bá sinmi láàárín ìlù kan sí òmíràn. Bí agbára yìí bá pọ̀ jù lójoojúmọ́, ògiri iṣan á nípọn, á sì le. Ọkàn tó ń fi tipátipá ti ẹ̀jẹ̀ gba ọ̀nà tóóró á wú, á sì rẹ̀ ẹ́ níkẹyìn. Iṣan inú ọpọlọ lè dí tàbí kí ó bẹ́, èyí tí a mọ̀ sí àrùn rọpárọsẹ̀. Kíndìnrín náà kì í mórí bọ́ nínú rẹ̀.

Lójú Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ bá dé 140 lórí 90 ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Àwọn onímọ̀ ọkàn ní Amẹ́ríkà tilẹ̀ fa ààlà náà wálẹ̀ sí 130 lórí 80 ní 2017, nítorí pé ìpalára ti máa ń bẹ̀rẹ̀ kí nọ́ńbà tó ga tó bẹ́ẹ̀. Ní 2021, WHO ṣírò rẹ̀ pé àgbàlagbà tó tó bílíọ̀nù 1.28, láti ẹni ọgbọ̀n ọdún sí ẹni ọdún 79, ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru lágbàáyé. Nínú ènìyàn 100 bẹ́ẹ̀, 46 ni kò mọ̀ pé òun ní in.

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ìlẹ̀kùn kí ó tó wọlé. Kì í sábà dunni, kì í sì í dá iṣẹ́ dúró títí ọjọ́ tí yóò fi gbéni ṣánlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí "ara mi le" tí màmá mi ń wí kò fi lè jẹ́ ẹ̀rí. Ẹ̀rọ nìkan ló lè jẹ́rìí sí i.

Ìbàdàn ti ń kà á tipẹ́

Láti Bódìjà sí Òrìta Mẹ́fà kò ju ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ bí ọkọ̀ kò bá dí ọ̀nà. Níbẹ̀ ni UCH wà, ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ṣí ní 1957. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Akínkùgbé, ẹni tó papò dà ní 2020, fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ṣe ìwádìí ẹ̀jẹ̀ ríru ní ìlú yìí. Láàárín 1973 sí 1975, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣí ìwé sílẹ̀ tí wọ́n fi ń kọ orúkọ àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ní Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n ka ìwé náà, ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n bá nídìí rẹ̀ ju ohunkóhun mìíràn lọ.

Ní ọdún 1990 síwájú, ìbéèrè mìíràn yọjú. Àwọn kan gbà pé ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà nínú àbímọ́ ènìyàn dúdú. Àwọn onímọ̀ láti Ìbàdàn àti Amẹ́ríkà wá fi ìwọ̀n kan náà wọn ìfúnpá àwọn ọmọ ìran Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà káàkiri: ní Ìdíkàn nínú Ìbàdàn, ní Ìgbò-Ọrà, ní Kamẹrúùnù, ní àwọn erékùṣù bíi Jàmáíkà, àti ní ìlú kan lẹ́bàá Ṣikágò. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1997 yani lẹ́nu. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ènìyàn 16 nínú 100 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru; ní àwọn erékùṣù náà, 26; ní Amẹ́ríkà, 33. Nílẹ̀ wa pàápàá, ará ìgboro ní in ju ará oko lọ. Bí ó bá jẹ́ pé àbímọ́ nìkan ni, nọ́ńbà náà kì bá tí máa gòkè bí ènìyàn ṣe ń jìnnà sí oko. Oúnjẹ, ìjókòó, ìrònú àti ìgbé ayé wa lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Ní 2018, ìwádìí ńlá kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólabí ti Ìbàdàn ṣe aṣáájú rẹ̀ jáde. SIREN ni wọ́n pè é. Wọ́n fi àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ní Nàìjíríà àti Gánà, tí wọ́n lé ní 2,000, wé iye kan náà tí kò kọlù. Ohun mọ́kànlá ni wọ́n bá nídìí ọ̀ràn náà: ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣíwájú gbogbo wọn, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tó kọjá ìwọ̀n, ìtọ̀ ṣúgà, ikùn tó tóbi jù tí a bá fi wé ìbàdí, àìsàn ọkàn, ẹran jíjẹ léraléra, àìjẹ ẹ̀fọ́, iyọ̀ bíbù sórí oúnjẹ tó ti jinná, ìdààmú ọkàn, àìṣe eré ìdárayá àti sìgá sì tẹ̀ lé e. Gbogbo mọ́kànlá ni a lè ṣe nǹkan sí. Nínú àwọn aláìsàn yẹn, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ni kò tíì pé àádọ́ta ọdún. Nígbà tí mo ka èyí, mo rántí ìbéèrè màmá mi.

Oògùn mẹ́ta nínú hóró kan

Tẹ́lẹ̀, oògùn kan ni dókítà sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, tí yóò máa fi òmíràn kún un díẹ̀díẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, aláìsàn á ti sú kí oògùn tó tó. Àtúnṣe tó dé báyìí ni pé kí a pa oògùn méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ní ìwọ̀n kékeré, nínú hóró kan. WHO ti fi irú hóró bẹ́ẹ̀ kún àkójọ oògùn kòṣeémánìí láti 2019.

Ṣùgbọ́n ṣé ara wa gbà á? Ọ̀jọ̀gbọ́n Dike Ojji ti Yunifásítì Àbújá wà lára àwọn tó lọ wá ìdáhùn. Ìwádìí CREOLE, tó jáde ní 2019, dán àpapọ̀ oògùn méjì-méjì wò lára ènìyàn dúdú 728 ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà mẹ́fà, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Àpapọ̀ tí amlodipine wà nínú rẹ̀ ló borí. Ní 2024, ìwádìí VERONICA tí wọ́n ṣe ní Àbújá pẹ̀lú ènìyàn 300 tún lọ síwájú: amlodipine, telmisartan àti indapamide nínú hóró kan. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nọ́ńbà òkè àwọn tó lo hóró náà fi 31 wálẹ̀. Ti àwọn tó gba ìtọ́jú tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ fi 26 wálẹ̀. Ní 2025, Amẹ́ríkà fi àṣẹ sí irú hóró yìí. Ẹ ò rí i pé ohun tí a dán wò ní Àbújá ló ń kọ́ àwọn dókítà òkè òkun lọ́gbọ́n.

Ẹni tó bá ní ìyá tàbí bàbá tó ń lo oògùn yóò mọ ìdí tí hóró kan fi dára ju mẹ́ta lọ. Páálí mẹ́ta ni màmá mi ń rà. Nígbà tí owó kò bá ká a, á ra méjì, á ní ìkẹta ń bọ̀. Gbogbo wa la sì mọ bí owó oògùn ṣe fò sókè láti 2023. Àmọ́ o, ẹ má fi ti ìròyìn yìí ra oògùn fúnra yín. Telmisartan, fún àpẹẹrẹ, kò yẹ aláboyún. Obìnrin tó bá ń retí oyún gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀rọ ńlá bá di dandan

Bí àyà bá ń dunni tàbí tí èémí ń kúrú, àyẹ̀wò mìíràn wà: ECG tó ń kọ bí ọkàn ṣe ń lù sórí ìwé, sikáànù tó ń fi ìró ya àwòrán ọkàn, bí èyí tí a fi ń wo ọmọ inú aláboyún, àti ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń yẹ̀ wò fún troponin, èròjà tí iṣan ọkàn máa ń tú sílẹ̀ bí ó bá fara pa. Iṣẹ́ abẹ ọkàn kì í ṣe tuntun ní Nàìjíríà náà: Ẹnúgú ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣí ọkàn ṣe iṣẹ́ abẹ ní 1974.

Ti àrùn rọpárọsẹ̀ ló ń fẹ́ ìkánjú jù. Bí ojú ẹnìkan bá ṣàdédé wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí apá kan kò lè gbé sókè, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ wo aago. Oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì wà, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí mẹ́rin àbọ̀ ni ó wúlò, ó sì di ìgbà tí wọ́n bá ti fi sikáànù wo ọpọlọ. Àdúrà dára, inú ọkọ̀ tó ń sáré lọ sí ilé ìwòsàn ni kí ẹ ti máa gbà á.

Ohun tí a ń ṣe nílé wa báyìí

Dókítà tí mo lọ bá kò kọ oògùn fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó ní kí n ra ẹ̀rọ tí a ń wé mọ́ apá, kí n máa wọn ìfúnpá mi nílé fún ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí ìbẹ̀rù dókítà nìkan lè gbé nọ́ńbà sókè. Ó kọ́ mi ní ìlànà rẹ̀: má mu kọfí ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú, kọ́kọ́ tọ̀, fi ẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ́ sílẹ̀, gbé apá lé tábìlì kí ó bá ọkàn dọ́gba, dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nílé, 135 lórí 85 ni ààlà. Tèmi ń lọ sí 141 lórí 91.

Nítorí náà, mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìdáná. Ìwọ̀n iyọ̀ tí WHO fọwọ́ sí fún odindi ọjọ́ kò tó gíráàmù 5, ìyẹn nǹkan bíi ṣíbí tíì kan, iyọ̀ inú Maggi àti indomie sì wà lára rẹ̀. Mo ti ń jẹ ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ láìmọ̀. Ẹ̀fọ́ kò wọ́n wa ní ọjà Bódìjà: ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, gbúre, ewúro, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀ lókìtì. Mo sì ń fi ẹsẹ̀ rìn lálaalẹ́ ní àdúgbò wa, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mo wà ní 132 lórí 84. Dókítà ní a óò máa ṣọ́ ọ. Bí ó bá tún gòkè, n óò lo oògùn láìjanpata.

Àwọn tí agbára wọn kò gbé ẹ̀rọ lè wọ̀n ọ́n ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tàbí lọ́dọ̀ apòògùn. Láti 2020 ni ìjọba àpapọ̀ àti WHO ti ń gbé ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru lọ sí irú ilé ìwòsàn kékeré bẹ́ẹ̀, Ògùn tó múlé gbè wá àti Kánò ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀.

Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí a tó múra ilé ìjọsìn, èmi àti màmá máa ń jókòó sídìí tábìlì kan náà. Òun ló máa ń kọ́kọ́ na apá. Mo ń kọ tirẹ̀ sí ojú ewé òsì nínú ìwé wa, tèmi sí ọ̀tún. Láti oṣù mẹ́rin báyìí, kò tíì fo oògùn rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Mo bi í léèrè ohun tó yí i lọ́kàn padà. Ó ní, "Bí mo bá fo tèmi, ẹnu wo ni n óò fi bá ọ wí?"

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ na apá yín lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ sì mú àgbàlagbà kan dání.