Ṣé o mọ̀? Ẹ̀rù àtisọ̀rọ̀ níwájú èrò

Ṣé o mọ̀ pé obìnrin tó ń ta ìrẹsì Ìgbẹ́mọ̀ ní Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì, lè polówó ọjà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ níwájú èrò tí kò lóǹkà, kí ohùn rẹ̀ má gbọ̀n rárá, ṣùgbọ́n kí wọ́n gbé máìkì lé e lọ́wọ́ níbi ìpàdé àwọn òbí nílé ìwé ọmọ rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ há sí i lẹ́nu? Ọ̀fun kan náà ni, obìnrin kan náà ni. Lọ́jà, àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń dá a lóhùn: “Èló ni kóńgò kan? Ṣé ẹ ti ṣa òkúta inú ẹ̀?” Níbi ìpàdé, gbogbo ojú ló dúró sórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹnikẹ́ni kò sì fèsì. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò, torí òun ló ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ nínú wa ju ọ̀rọ̀ sísọ fúnra rẹ̀ lọ.

Ṣé o mọ̀ pé wọ́n ti fi ìdákẹ́jẹ́ yìí ṣe àyẹ̀wò? Lọ́dún 1993, Kirschbaum, Pirke àti Hellhammer, ní Yunifásítì Trier lórílẹ̀-èdè Jámánì, gbé ìlànà kan jáde tí wọ́n ṣì ń lò káàkiri ayé títí dòní. Wọ́n á ní kí èèyàn múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ń wá iṣẹ́, kó sì fi ìṣẹ́jú 5 sọ ọ́ níwájú àwọn adájọ́. Lẹ́yìn náà, á fi ìṣẹ́jú 5 mìíràn ṣe ìṣirò àyọkúrò lórí, láìlo ìwé. Wọ́n á ti kìlọ̀ fún àwọn adájọ́ pé wọn kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín, wọn kò gbọdọ̀ mi orí, kí wọ́n kàn máa wò ó ṣùn-ùn. Bí wọ́n bá wá yẹ itọ́ onítọ̀hún wò, kọ́tísọ́ọ̀lù, èròjà tí ara ń tú jáde nígbà ìdààmú, á ti ròkè gan-an. Mo fẹ́ kí gbogbo tíṣà tó ń fajú ro mọ́ ọmọ tó dìde dáhùn ìbéèrè gbọ́ èyí. Ojú kíkorò yẹn gan-an ni irinṣẹ́ tí wọ́n ń lò bí wọ́n bá fẹ́ kó jìnnìjìnnì bá èèyàn.

Ṣé o mọ ìdí tí ẹnu fi ń gbẹ? Bí àyà bá já, ara á tú adirẹnalíìnì sínú ẹ̀jẹ̀, bíi ti ẹni tó pàdé ejò lójú ọ̀nà oko. Ọkàn á máa sáré. Ẹ̀jẹ̀ á fi ìka ọwọ́ sílẹ̀, á sáré lọ bá iṣan ńláńlá tó wà ní itan, ìka á sì tutù. Itọ́ á dín kù, torí ara kò ro ti oúnjẹ mọ́ nírú wákàtí bẹ́ẹ̀. Kò sí àbùkù kankan níbẹ̀, ara ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ ni. Bí o bá jẹ́ kí èémí tí ò ń mí jáde pẹ́ ju èyí tí ò ń fà sínú lọ, ọkàn á rọra dẹwọ́.

Lọ́dún 2014 ni Alison Wood Brooks, ti Yunifásítì Harvard, kọ̀wé lórí ẹ̀rù yìí. Ó ní kí àwọn kan sọ fún ara wọn pé ara àwọn balẹ̀ kí wọ́n tó lọ sọ̀rọ̀, ó sì ní kí àwọn mìíràn sọ pé ara àwọn yá gágá. Àwọn tó ní ara àwọn yá gágá ló sọ̀rọ̀ dáadáa jù. Ọkàn tó ti ń sáré, ó rọrùn láti sọ eré rẹ̀ di ìtara ju kí a fipá dá a dúró lọ.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn tó ń wò ọ́ kì í rí ẹ̀rù rẹ tó bí o ṣe rò? Savitsky àti Gilovich ṣe ìwádìí rẹ̀, wọ́n sì gbé e jáde lọ́dún 2003: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti là á yé ṣáájú pé ìdààmú inú wọn kò hàn síta tó bí wọ́n ṣe lérò sọ̀rọ̀ dáadáa ju àwọn tí wọn kò sọ fún. Ìyá tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn kò gbọ́ bí àyà rẹ ṣe ń lù kìkìkì.

Ṣé o mọ̀ pé Gandhi dá owó oníbàárà padà nítorí ẹ̀rù yìí? Nígbà tó ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù dé gẹ́gẹ́ bí lọ́yà, ó dìde nílé ẹjọ́ kan ní Bombay láti bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè, òyì kọ́ ọ, kò rí ọ̀rọ̀ kankan sọ. Ó jókòó, ó ní kí wọ́n wá lọ́yà mìíràn. Lọ́dún 1893, ní Pretoria, ní Gúúsù Áfíríkà, ọkùnrin yìí kan náà dìde nínú ilé oníṣòwò kan, ó bá àwọn ará Íńdíà ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí òtítọ́ nídìí òwò. Ó ti múra ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ó sì wà láàárín àwọn èèyàn rẹ̀.

Ọba Jọ́ọ̀jì Kẹfà, tí orí rẹ̀ wà lára ṣílè tí àwọn bàbá wa ná, akólòlò ni. Lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1939, nígbà tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò nípa ogun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, Lionel Logue, ará Ọsirélíà tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, ló dúró níwájú rẹ̀ nínú yàrá. Gbogbo ayé ń gbọ́, ṣùgbọ́n ojú ẹni tó mọ̀ dáadáa ló wà níwájú ọba.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti Àjàyí Crowther. Ṣé o mọ̀ pé nígbà tó kọ́kọ́ wàásù ní èdè Yorùbá, ní Freetown, lọ́jọ́ 9 oṣù Kínní ọdún 1844, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ṣe ló dà bíi pé òun jẹ́ ìkókó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè ìyá rẹ̀? Ọmọ Òṣogùn tó gbọ́ Yorùbá yékéyéké ni o! Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ti ṣe irú rẹ̀ rí nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà, èrò sì kún fọ́fọ́. Nígbà tó súre parí, gbogbo ìjọ dá a lóhùn ní Yorùbá: “Kí ó ṣẹ!”

Dídáhùn yẹn, àṣà wa ni, kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Wo ààlọ́. Bí ọmọ bá ké “Ààlọ́ o!”, gbogbo ilé á ké “Ààlọ̀!” kó tó sọ ohunkóhun. Àlọ́ àpamọ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, gbólóhùn kan péré, èyí tí ọmọdé lè dá sọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni àlọ́ àpagbè, ìtàn gígùn, àwọn tó ń gbọ́ á sì máa gbe orin rẹ̀, kí apàlọ́ lè rí àyè mí. Bí ọmọ náà bá dàgbà tó sì pa òwe láàárín àwọn àgbà, á ní “Tótó ó ṣe bí òwe o,” wọ́n á sì dáhùn pé “Wàá rí òmíràn pa.” Bó ti wù kí òwe náà kù díẹ̀ káàtó tó, wọ́n á dáhùn. Níyì Ọ̀ṣúndáre, ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, kò fi ọ̀nà yìí sílẹ̀ nínú ewì tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ: nínú ìwé rẹ̀ The Eye of the Earth, ti ọdún 1986, ó kọ ọ́ sórí àwọn ewì kan pé kí wọ́n fi fèrè àti ìlù gbè é.

Ibi tí irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ṣì ti ń ṣẹlẹ̀ dáadáa ni ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́jọ́ àwọn ọmọdé. Ọmọ ọdún mẹ́fà á bọ́ síwájú, bàtà tuntun á máa fún un lẹ́sẹ̀. Á ka àkọ́sórí rẹ̀ dé ìdajì, á wá dúró sójú kan, á máa fi ọwọ́ ká etí aṣọ rẹ̀. Tíṣà á sọ ọ̀rọ̀ kan sí i létí. Àwọn ìyá tó wà nísàlẹ̀ á ti máa ní “Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi, máa kà á lọ.” Bó bá parí rẹ̀, àtẹ́wọ́ á sọ, ẹnì kan á sì lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Ọmọ yìí kan náà la máa ń rán lọ sí kíláàsì lọ́jọ́ Ajé, níbi tí wọ́n á ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó pe ilé ní “ulé” bí àwọn ará Èkìtì. Ó ń dùn mí.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀pọ̀ akólòlò kì í kólòlò bí wọ́n bá ń kọrin, tàbí bí ẹlòmíràn bá ń bá wọn ka ọ̀rọ̀ náà pọ̀? Àwọn onímọ̀ nípa ọ̀rọ̀ ẹnu ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà: bí ohùn kejì bá ti wọlé, kíkólòlò á lọ sílẹ̀, nígbà mìíràn á pòórá pátápátá níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ṣì jọ ń kà á. Bí ẹnì kan bá ń kólòlò nílé rẹ, tó bá sì gbà bẹ́ẹ̀, ẹ jọ ka Sáàmù kan pọ̀ lálẹ́ òní, ohùn rẹ àti ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wàá gbọ́ ọ fúnra rẹ.