Afárá Inú Ọpọlọ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé apá òsì ọpọlọ ni onímọ̀ ìṣirò ń lò, apá ọ̀tún sì ni akéwì ń lò. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ó sì burú bí a bá ti ìtorí rẹ̀ lé ọmọ kúrò nídìí ewì tàbí ìṣirò. Òótọ́ ni pé apá méjì ni ọpọlọ, ṣùgbọ́n nǹkan bí mílíọ̀nù 200 fọ́nrán iṣan ni ó so wọ́n pọ̀. Ẹni tí ó mọ ọ̀nà Okokomaiko sí Ìbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ọ̀jọ́, mọ bí ìlú ti ń rí nígbà tí ọ̀nà bá dí.

Ní ọdún 1962 ní Los Angeles, Joseph Bogen àti Philip Vogel bẹ̀rẹ̀ sí í gé afárá yìí fún àwọn alárùn wárápá tí oògùn kò ràn. Roger Sperry yẹ wọ́n wò. Bí àwòrán ṣíbí bá kọ mànà lápá òsì ibi tí wọ́n tẹjú mọ́, wọn a ní àwọn kò rí nǹkan. Síbẹ̀ ọwọ́ òsì wọn a fọwọ́ tẹ ṣíbí, a sì mú un. Apá ọ̀tún rí i. Apá òsì, tí ń sọ̀rọ̀, kò gbọ́. Ní 1969, Joseph àti Glenda Bogen dábàá pé ìbánisọ̀rọ̀ apá méjèèjì ni orísun ọgbọ́n àtinúdá. Àbá ni o, wọn kò tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ tán.

Ní 1962 yìí kan náà ni Latunde Odeku, ọmọ Awẹ́, dá iṣẹ́ abẹ ọpọlọ sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ọwọ́ tí ó mú abẹ náà ni ó fi kọ ìwé ewì.