Ìjàkadì Laamb: Báwo ni ayàwòrán ṣe ń mú ìṣubú ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà tílẹ̀ bá ń ṣú?

Ní Dakar, olú ìlú Senegal, èrò lè ti kún pápá ìjàkadì láti ọ̀sán, síbẹ̀ kí ìjà tí gbogbo wọn tìtorí rẹ̀ wá má bẹ̀rẹ̀ títí oòrùn yóò fi máa wọ̀.

Ohun tó ń ṣáájú ìjà ló ń gba àkókò. Àwọn oníjàkadì á jó yí pápá ká sí ìlù sabar, oǹdè á kún apá àti ìbàdí wọn, wọ́n á sì máa da àgbo inú ìgò sórí ara wọn. Ọmọ Yorùbá tó bá wo èyí kò nílò ògbufọ̀. Orí ètùtù yìí ni ìmọ́lẹ̀ tó dára jù lọ́jọ́ náà ń parí sí.

Nínú Laamb, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kan iyanrìn, tàbí tó fi ọwọ́ àti orúnkún méjèèjì kanlẹ̀, ti pàdánù. Ó lè parí kí ẹni tó tẹrí ba wo fóònù tó gbójú sókè. Nígbà tí Balla Gaye 2 ṣẹ́gun Yekini ní oṣù Kẹrin ọdún 2012, lẹ́yìn ohun tó lé ní ọdún 10 tí apá ẹnikẹ́ni kò ká Yekini, ayàwòrán tí kò rí i yà kò lè ní kí wọ́n tún un ṣe.

Owó ń sọ̀rọ̀

Kí ara tó ń ṣubú tó lè dúró gbagidi nínú àwòrán, ojú kámẹ́rà gbọ́dọ̀ ṣí kó sì padà dé láàárín 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá. Lọ́sàn-án, èyí kò le. Ní ìrọ̀lẹ́, ìmọ́lẹ̀ tó ń ráyè wọlé kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ kì í pẹ́ ṣú ní apá ibi tiwa ní Áfíríkà.

Lẹ́ǹsì tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ dé f/2.8 ń gba ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po mẹ́rin ti f/5.6, àmọ́ ó wọ́n gan-an. Ibi tí ẹni tó ní in bá ti fi ISO, ìyẹn agbára tí kámẹ́rà fi ń gbé ìmọ́lẹ̀ ga, sí 3,200, ẹni kejì á gbé tirẹ̀ dé 12,800, àwòrán rẹ̀ á sì dà bíi pé wọ́n wọ́n iyanrìn sí i. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán tó ń dá ṣiṣẹ́ láì gba owó oṣù, lẹ́ǹsì kejì yìí ló wà lọ́wọ́ wọn.

Ìbẹ̀rù wóró-wóró yìí ló ń mú kí àwọn kan dín eré kámẹ́rà kù sí 1/250. Àṣìṣe gbáà ni. Àwòrán oníwóró ṣì ṣeé tẹ̀ jáde. Èyí tí ojú ẹni tó ń ṣubú ti di bàìbàì, ta ni yóò rà á?

Àwọ̀ dúdú lórí iyanrìn

Ìṣòro kan tún wà tí a kì í sábà gbọ́. Iyanrìn pápá náà mọ́, àwọ̀ oníjàkadì dúdú. Bí kámẹ́rà bá ń fúnra rẹ̀ díwọ̀n ìmọ́lẹ̀, iyanrìn ni yóò wò, yóò rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, yóò sì sọ èèyàn di òjìji. Ẹni tó bá ní òun á mú un mọ́lẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tó bá délé, wóró ni yóò bá níbẹ̀. Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń díwọ̀n ìmọ́lẹ̀ lára oníjàkadì fúnra rẹ̀ nígbà tó ṣì ń jó, wọ́n á sì máa fọwọ́ tún un ṣe bílẹ̀ ṣe ń ṣú.

Iná ńlá wà, pàápàá ní pápá ìjàkadì tuntun tí wọ́n ṣí ní Pikine lọ́dún 2018, tó ń gba èrò 20,000. Ṣùgbọ́n irú iná pápá kan máa ń ṣẹ́jú ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú wa kò rí i, kámẹ́rà rí i: nínú àwòrán mẹ́wàá tó tẹ̀ léra, mẹ́ta lè ṣókùnkùn. Fláàṣì ńkọ́? Kò lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jìnnà, ó sì lè ṣe ẹni tó ń yẹ ẹ̀ṣẹ́ lójú.

Ìmọ̀ ìjà fúnra rẹ̀ ló wá kù. Ayàwòrán tó ti ń wo Laamb láti kékeré ń wo ẹsẹ̀, kì í wo ojú. Bí gìgísẹ̀ oníjàkadì kan bá ti kúrò nílẹ̀ báyìí, ó ti tẹ kámẹ́rà. Ẹni tó bá dúró kó kọ́kọ́ rí ìṣubú, èrò tó ń sáré wọ pápá ló máa yà.